Àyè Kan Lórí Tábìlì

Ní Vardø, lóṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ rárá.
Aago mọ́kànlá òwúrọ̀, àtùpà ṣì ń jó lójú fèrèsé,
afẹ́fẹ́ òkun ń lu pákó ilé bí ẹni tó wá gba gbèsè.
Ẹsẹ̀ mi wà nínú símẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi dì í:
mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ilé iṣẹ́ ẹja,
wọ́n ní kí n jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.
Kí n jókòó ti ta?

Borghild aládùúgbò mi ló kó káàdì wọlé,
páálí méjì, etí wọn ti gbó bí etí ìwé àdúrà.
Ó ní, "Jorunn, eré yìí kò nílò ẹnìkejì."
Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Ó ti ń pín in.
Ọ̀wọ́ mẹ́wàá, mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo wọn kọjú sókè,
ogójì ojú tó ń wò mí láìfọhùn.
Ọkàn lórí ọkàn, sípéèdì lórí sípéèdì,
kékeré lórí ńlá, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan.
Àwọn tó kù, máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan;
bí wọ́n bá tán, wọ́n tán. Kò sí àtúnṣí.
"Ìgbà mélòó lo ti borí?"
Ó ka ìka rẹ̀. "Mẹ́rin. Láti ọdún mọ́kànlá."

Mo pàdánù kí n tó jẹun ọ̀sán. Mo pàdánù lẹ́yìn rẹ̀.
Mo pàdánù lọ́jọ́ Kérésì, ọbẹ̀ ẹja ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Éèsì tí mo ń wá sùn fọnfọn sábẹ́ Ọba,
Ọba ò sì níbì kankan tó lè lọ.
Mo bú Ọba. Mo bú Borghild.
Mo bú ìyá mi tí kò fi sùúrù bí mi.
Ta ni n bá tún bú? Ọwọ́ ara mi ló pín in,
mi ò lè pè é ní ìpín.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo yọ dáyámọ́ńdì méjì lábẹ́ Jákì
bí ẹni ń yọ eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun.
Eré náà tú pátápátá, Ọba mẹ́jọ gun orí òkìtì mẹ́jọ.
Kò sẹ́ni tó rí mi, ológbò gan-an ń sùn,
síbẹ̀ mo sáré kó gbogbo rẹ̀ jọ
bí ọmọ tó fọ́ àwo.

Lọ́jọ́ tí ọ̀wọ́ kan kọ́kọ́ ṣófo,
mo ti na ọwọ́, mo fẹ́ fi Ayaba dí i.
Borghild gbá mi lọ́wọ́.
"Kí ló ń lé ọ? Àyè lo rí yẹn,
o wá ń wá pàǹtí tí wàá kó sí i."
Òfìfo kì í ṣe òfo, àbí?
Ojú mi lọ sórí àga Anstein nídìí fèrèsé,
tí mo ti kó aṣọ lé, kó ìwé ìròyìn lé, gbé àpò ànàmọ́ lé
láti ọjọ́ tó ti bá ọkọ̀ Bergen lọ,
tó kọ̀wé pé kí n má dúró de òun.
Borghild tẹ̀lé ojú mi débẹ̀.
Ó mu kọfí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì mo kó aṣọ kúrò, mo kó ìwé ìròyìn kúrò.
Ibi tí n ó gbé ànàmọ́ sí ló gba ọjọ́ mẹ́ta.

Ìparí oṣù Kìíní, ariwo àwọn ọmọ iléèwé gba òpópónà kan:
oòrùn yóò yọjú lónìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.
Mi ò tíì borí. Káàdì mẹ́tàdínlógún ló kù láìṣí,
ọ̀wọ́ kan ṣófo, Ayaba kan sì ń wò mí.
Mo fi Ayaba sílẹ̀ níbi tó wà.
Mo tiro lọ jókòó sórí àga Anstein. Ó tutù.
Ìhà gúúsù ló kọjú sí,
mi ò sì mọ̀ látọjọ́ yìí.